Ẹ̀kọ́ Lójú-Tèmi nínú Oṣù Ààwẹ̀

Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹtàlá oṣù keje

Wọ́n ti rí oṣù. Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Gbogbo Ìtòkú ń hó bí ẹni pé oúnjẹ ọ̀fẹ́ ni wọ́n fẹ́ pín, bẹ́ẹ̀ ebi la fẹ́ fi oṣù kan gbáko bá ṣọ̀rẹ́.

Màmá wà ní Kàdúná. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí ìbejì níbẹ̀, Màmá sì ti ní àwọn ò ní padà títí ọdún yóò fi kọjá. Ìdáná ààwẹ̀ ilé yìí wá bọ́ sí èmi Bùsírátù lọ́rùn, èmi tí mo ti Ìbàdàn wá lo ọlidé, tí mo ti rò pé ìwé ni màá máa kà, tí màá máa na ẹsẹ̀. Mo ní láti bọ́ Bàbá, Bọ̀dá Mọ́nsúrù ẹ̀gbọ́n mi àti Ìyá Àgbà tó bí Bàbá.

Ìwé náà gan-an ló fa ọ̀rọ̀. Bí a ṣe ń jẹun alẹ́, Bàbá bi mí pé kí ni mo fẹ́ kọ àpilẹ̀kọ tí wọ́n máa fi fún mi ní dìgírì lé lórí. Mo ní sọ́bújẹ́ktífísíìmù. Bàbá ní kí n sọ ọ́ kí ìyá àwọn gbọ́. Mo ṣe fọ́nńté, mo ní: "Ẹ̀kọ́ kan ni, Bàbá. Ó ní òtítọ́ ò sí níta níbì kankan, inú olúkúlùkù ló wà. Bí nǹkan bá ṣe rí lójú mi, bẹ́ẹ̀ ló rí. Bó bá ṣe rí lójú yín, bẹ́ẹ̀ náà ló rí."

Bàbá gbé ẹran ọwọ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ọlọ́run ńkọ́? Lójú tèmi lòun náà wà? Tí mo bá dijú, kò sí mọ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Bọ̀dá Mọ́nsúrù ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mí lábẹ́ tábìlì pé kí n dákẹ́, mi ò dákẹ́. Ìgbà tí mo fi máa parí àlàyé, ó ti burú ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ.

Bàbá wá dájọ́. Wọ́n ní títí di ọjọ́ ìtúnu ààwẹ̀, kí n ṣàlàyé ẹ̀kọ́ lójú-tèmi yìí kó yé àwọn, kí àwọn lè dúró láàárín ẹgbẹ́ ní mọ́ṣáláṣí kí àwọn sọ pé ohun tí ọmọ àwọn ń kọ́ nìyí. Bí kò bá yé wọn, mi ò ní padà sí Ìbàdàn mọ́. Ṣọ́ọ̀bù àwọn fẹ́ èèyàn.

Ọdún kan péré ló kù fún mi. Bàbá mi kì í sì í sọ̀rọ̀ kó tún un kó jẹ.

Àtìní, ọjọ́ kẹrìnlá

Ẹni tó bá ní ọwọ́ ló ń se ọbẹ̀, kó wá gbààwẹ̀ kó tún dáná. Ahọ́n ló ń se ọbẹ̀! Bàbá ò gba tọ́-ọ-wò-kó-o-tutọ́-ẹ̀-dànù nílé yìí. Mo wá gbé ṣíbí fún Ìyá Àgbà, nítorí ọjọ́ orí ò jẹ́ kí wọ́n gbààwẹ̀ mọ́.

Wọ́n tọ́ ọ wò. "Kò níyọ̀."

Mo fi iyọ̀ sí i. "Kò tíì níyọ̀." Mo tún fi sí i. "Bùsírá, ṣé o ń ṣahun iyọ̀ ni?"

Nígbà tí a ṣínu, Bàbá fi òkèlè láfún kan ṣoṣo kan ọbẹ̀ náà, wọ́n gbé e mì, wọ́n sì dijú. Bọ̀dá Mọ́nsúrù ní ṣé inú òkun ni mo ti bu ọbẹ̀ wá ni. Ìyá Àgbà nìkan ló jẹ tiwọn tán, tí wọ́n tún nu àwo.

Àtàlátà, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Omi la fi ṣe sàárì. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ orúkọ mi.

Àlàmísì, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo ti rí ahọ́n!

Harriet ni. Ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, ọmọ katikíìsì Aké, tó ń ṣe tíṣà ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Ó máa ń gba Ìtòkú kọjá tó bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Mo ní kó máa yà bá mi tọ́ ọbẹ̀ wò. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ẹ̀, ó ní ọmọ katikíìsì wá di ọ̀gá iyọ̀ ààwẹ̀. Mo lọ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ Bàbá. Wọ́n fọwọ́ kan irùngbọ̀n, wọ́n ní ahọ́n ò ní ẹ̀sìn.

Harriet tọ́ ọ wò lónìí, ó ní ó dùn. A ṣínu. Bàbá ní iyọ̀ ò tó. Bọ̀dá Mọ́nsúrù ní ó ṣe gẹ́lẹ́. Ìyá Àgbà bèèrè bóyá mo fi iyọ̀ sí i rárá.

Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ da omi nù. Mo ní, "Bàbá, ohun tí mò ń sọ nìyí! Ìkòkò kan, ọbẹ̀ kan, ẹnu mẹ́rin, òtítọ́ mẹ́rin. Ta ló jàre nínú yín? Gbogbo yín!"

Bàbá jẹun lọ. Nígbà tó yá wọ́n ní, "O ti parí?"

"Mo ti parí, Bàbá."

"Tí o bá gbàgbé iyọ̀ pátápátá lọ́la, ṣé ẹnu Mọ́nsúrù ló máa dá iyọ̀ sínú ìkòkò?"

Mo wo inú ìkòkò.

"Iyọ̀ tó wà níbẹ̀, ó ní iye tó jẹ́. Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Ẹnu wa ló yàtọ̀. Bu omi fún mi."

Bàbá jẹ mí láyò.

Sátidé, ọjọ́ kọkàndínlógún

Òjò láti àárọ̀. Iná lọ. Kẹrosíìnì tún ti gbówó lórí, àwọn tó ń tà á sì ń wo èèyàn bí ẹni pé àánú ni wọ́n ń ṣe wá. Mo jókòó ti ìwé fún wákàtí mẹ́ta, àkọlé nìkan ni mo rí kọ.

Àtàlátà, ọjọ́ kejìlélógún

Mo bá Bàbá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù lónìí, nítorí Bọ̀dá Mọ́nsúrù lọ kó aṣọ funfun tí a ń tà fún àwọn aláró. Àwọn obìnrin méjì kan wọlé, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n jọ. Àdìrẹ ni wọ́n wá rà. Ẹ̀gbọ́n mú èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya, ó ní kò sí irú ẹ̀ láyé. Àbúrò ní ó rí bí aṣọ ìbora arúgbó, èyí tí wọ́n fi iko dì ló mú. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Bàbá yíjú sí ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní, "Ẹ mọ aṣọ wò." Wọ́n yíjú sí àbúrò, wọ́n ní, "Ojú yín mọ ohun tó dáa." Wọ́n ta méjèèjì.

Bí wọ́n ṣe jáde báyìí ni mo fò dìde. "Bàbá! Ẹ̀yin náà ń ṣe ẹ̀kọ́ lójú-tèmi!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ẹwà aṣọ, mo gbà fún ọ. Ojú ẹni tó ń wò ó ló wà. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo gbà."

Mo fẹ́ máa jó. Bàbá gbé ọwọ́ sókè pé kí n ṣì jókòó.

"Tí olè bá wọlé síbí, tó gbé ìdì aṣọ yẹn, tó ní lójú tòun, ó dára kí òun gbé e ńkọ́? Tí òótọ́ inú rẹ̀ bá jẹ́ ẹgbẹ́ òótọ́ inú mi, kí ni màá fi mú un?"

Mo ronú, mo ronú. Mo ní, "Ẹ máa fi ọlọ́pàá mú un, Bàbá."

Bàbá rẹ́rìn-ín débi pé Alhaji Jùbrílù tó ń ta fìlà ní ìsọ̀ kejì yọjú wá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá nu ojú wọn, wọ́n ní ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn. Òótọ́ ni, kì í ṣe ìdáhùn.

Jímọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Harriet bi mí ní ìbéèrè burúkú kan lónìí. A jókòó nídìí ìkòkò, a ń retí kí ẹ̀wà rọ̀. Mo ti ń rojọ́ fún un pé Bàbá ń fi ọ̀rọ̀ olè há mi mọ́ kọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ìwọ fúnra ẹ ńkọ́? Ṣé o gbà á gbọ́?"

Mo ní olùkọ́ mi sọ pé...

"Mi ò bi ọ́ ní ti olùkọ́ ẹ. Ìwọ, Bùsírá. Ṣé o gbà á gbọ́ àbí o kàn fẹ́ jẹ Bàbá láyò?"

Mo bínú. Mo ní kó tọ́ ọbẹ̀ wò kó máa lọ sílé, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ó tọ́ ọ wò, ó ní ó dùn, ó lọ. Kò rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń ṣe.

Mo mọ ohun tó ń bí mi nínú. Mi ò ní èsì ni. Mo yan ẹ̀kọ́ yìí nítorí pé ó dùn ún sọ lẹ́nu, ó sì máa ń dẹ́rù ba àwọn àgbà.

Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Harriet yà wá láti ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú fìlà ńlá lórí. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní bí mo bá tún lé òun, òun á da gbogbo agolo iyọ̀ sínú ọbẹ̀, òun á wá sá lọ sí Aké. A rẹ́rìn-ín títí Ìyá Àgbà fi pariwo lé wa lórí.

Tòmátì ti di ohun tí èèyàn ń wò lójú kó tó rà.

Àlàmísì, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Ayò kan wọlé fún mi lónìí, Ìyá Àgbà ló bá mi jẹ ẹ́.

Orúnkún wọn ló bẹ̀rẹ̀. Bí Bàbá ṣe wọlé láti ṣọ́ọ̀bù, tó rẹ̀ wọ́n, tí òǹgbẹ ń gbẹ wọ́n, wọ́n bá ìyá wọn lórí àpótí, tí wọ́n ń kérora. Bàbá ò tilẹ̀ bọ́ agbádá. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n gba òrí lọ́wọ́ mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra orúnkún náà.

Mo dúró lẹ́yìn wọn. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ rí ìrora náà?"

"Ìrora ṣe é rí ni?"

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó wà?"

"Ìyá mi ló ní ó wà."

"Tí dókítà bá yẹ̀ ẹ́ wò ńkọ́, tó ní òun ò rí nǹkan kan?"

"Dókítà náà á jẹ́ òpònú."

"Nígbà náà, inú Ìyá Àgbà nìkan ló wà, kò sí níta níbì kankan, ó sì jẹ́ òótọ́."

Ọwọ́ Bàbá dúró lórí orúnkún náà. Wọ́n wo ojú ìyá wọn, wọ́n wo ojú mi. Inú mi ń jó, mo sì rọra ń ṣe ojú bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Ìyá Àgbà ní, "Ẹ ti parí ẹjọ́ yín? Ìrora náà ní ẹran lòun fẹ́ jẹ."

Ariwo ẹ̀rín sọ. Ìrora náà jẹ ẹran méjì. Nígbà tí Bàbá ń lọ sí ìrun, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́ sí mi: "Ìyẹn yé mi. Ìyẹn nìkan o."

Àtàlátà, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹjọ

Mò ń ṣa ẹ̀wà fún àkàrà, ni mo bá pín ẹ̀wà náà sí apá méjì, mo fi ń ronú. Apá ọ̀tún: àwọn ohun tí kì bá tí sí bí kò bá sí èèyàn. Dídùn ọbẹ̀, ẹwà aṣọ, orúnkún Ìyá Àgbà. Apá òsì: àwọn ohun tó máa wà bí gbogbo Ẹ̀gbá tilẹ̀ sùn tí a ò jí. Àpáta tó wà lẹ́yìn ilé wa. Omi odò Ògùn. Ìdì aṣọ Bàbá tí olè gbé, ti Bàbá náà ló ṣì jẹ́.

Ó dùn mọ́ mi títí mo fi bi ara mi pé ta ló sọ fún mi nípa apá òsì. Ojú mi ló sọ fún mi ní ti àpáta. Etí mi ló gbọ́ ti odò. Mi ò tíì fìgbà kan kúrò nínú ara mi lọ wo nǹkan kan rí. Ohun gbogbo ń gba ojúde kan náà wọlé sọ́dọ̀ mi.

Mo da ẹ̀wà náà pọ̀ padà. Ìyá Àgbà ní kí ló dé tí mo ń ṣa ẹ̀wà kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Sátidé, ọjọ́ kẹsàn-án

Ó ti kù díẹ̀. Bàbá ò bi mí ní nǹkan kan mọ́, ìyẹn sì ń já mi láyà ju ìbéèrè lọ. Wọ́n ti tún ibi kan ṣe lẹ́yìn káńtà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbé àga síbẹ̀. Bọ̀dá Mọ́nsúrù ní tèmi ni.

Bọ̀dá fúnra ẹ̀ ti gba aṣọ ọdún lọ́wọ́ télọ̀. Ó ti ṣèlérí fún àwọn ará ilé Títílọlá, àfẹ́sọ́nà ẹ̀ ní Òṣíẹ̀lẹ̀, pé ọjọ́ Àtàlátà lòun ń bọ̀ wá kí wọn kú ọdún. Mo ní tí oṣù ò bá yọ lọ́jọ́ Àtìní ńkọ́? Ó ní yóò yọ, òun ti pàṣẹ fún un.

Àtìní, ọjọ́ kọkànlá

Mo fi omijé bẹ̀rẹ̀ ojú ewé yìí, àlùbọ́sà kọ́ ló fà á.

Òjò rọ̀ ní ọ̀sán, lẹ́yìn náà ojú ọ̀run là díẹ̀ níhà ìwọ̀ oòrùn. Lèmọ́mù wa kì í gba ti rédíò, ojú la fi ń wá oṣù ní àdúgbò wa. Gbogbo wa gun àpáta ẹ̀yìn ilé, àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí, àwọn obìnrin, àti Bọ̀dá Mọ́nsúrù tó ti wẹ̀, tó ti ra ìpara. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá.

Oòrùn wọ̀. Kùrukùru ń lọ, ó ń bọ̀. Lójijì Bàbá di èjìká mi mú. "Òun nìyẹn! Wò ó, wò ó!"

Mo tẹ̀lé ìka wọn. Mo la ojú títí omi fi dà níbẹ̀. Kùrukùru pupa ni mo rí. Kí àwọn yòókù tó yíjú, ibẹ̀ ti dí pa.

Bàbá ní ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí èékánná tí èèyàn gé sọnù, ó tẹ̀ sí apá ọ̀tún díẹ̀. Ohùn wọn ń gbọ̀n fún ayọ̀.

Bọ̀dá Mọ́nsúrù bá pariwo. "Èmi náà rí i! Ó wà níbẹ̀ yẹn!" Apá Aké ló nawọ́ sí, níbi tí oòrùn ti máa ń yọ. Àwọn èèyàn wò ó. Lèmọ́mù rọra bi í pé ibo ni ìwo oṣù náà kọjú sí.

"Ó kọjú sí mi, sà."

Àwọn kan jókòó sílẹ̀ torí ẹ̀rín. Bàbá fúnra wọn ní, "Lèmọ́mù, ẹ fi ti Mọ́nsúrù sílẹ̀. Títílọlá ló rí, kò rí oṣù."

Lèmọ́mù ní, "Alhaji Sàlàhúdíìnì, mo mọ̀ yín, ẹ kì í purọ́. Àmọ́ ẹ̀yin nìkan ni. Ọkùnrin méjì tó ṣe é gbára lé la ń wá. A máa gbà á pé ọgbọ̀n ọjọ́."

Bàbá ní àwọn gbọ́. Ẹ̀rí tèmi ò lè yí ìdájọ́ náà padà, gbogbo wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ Bàbá yíjú sí mi níwájú gbogbo wọn. "Bùsírá. Ìwọ tí o dúró tì mí. Ìwọ rí i, àbí o ò rí i?"

Gbogbo ojú wá sára mi. Mo rí àga ẹ̀yìn káńtà yẹn lọ́kàn mi. Mo rí Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ kékeré kan báyìí ló kù, inú Bàbá á dùn, wọn ò ní dá dúró mọ́ níwájú ẹgbẹ́ wọn. Ẹ̀kọ́ tí mò ń fi yangàn láti oṣù tó kọjá ń sọ sí mi létí pé, sọ ọ́, ta ló lè wọ inú ojú ẹ lọ wádìí?

Mo ní, "Mo gbà pé ẹ rí i, Bàbá. Èmi ò rí i."

Bàbá yíjú padà sí ojú ọ̀run. Lèmọ́mù wá rán wọn létí òfin tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, pé ẹni tó bá dá oṣù ọdún rí kò gbọdọ̀ túnu ní gbangba. Kó fi ọdún rẹ̀ sínú ọkàn, kó máa bá ìlú lọ. Bàbá sọ̀kalẹ̀ láti orí àpáta, wọn ò di èjìká mi mú mọ́.

Mo ti pàdánù ohun gbogbo. Mo sì mọ̀ pé tí wọ́n bá tún bi mí, bẹ́ẹ̀ náà ni màá wí. Ìyẹn ló ń pa mí lẹ́kún.

Àtàlátà, ọjọ́ kejìlá

Kí n kọ ọ́ kíá kó má bàa sá mọ́ mi lọ́wọ́!

Ní ìdájí, mo gbé sàárì kalẹ̀. Bàbá jókòó tì í, wọn ò jẹ. Wọ́n wo àwo náà títí.

"Bùsírá, jókòó. Mo dá oṣù yẹn rí. Ó dá mi lójú bí ọwọ́ mi yìí. Lójú tèmi, ọdún ni òní."

Ẹ ṣáà gbọ́ ohun tí Bàbá wí! Mo gé ètè jẹ, mi ò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní, "Ìwọ ò sì rí i. Ta ló purọ́ nínú àwa méjèèjì?"

"Kò sí, Bàbá."

"Oṣù ńkọ́? Ó wà àbí kò sí?"

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń wá láti ìgbà tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà bọ́ sí mi lẹ́nu bí ẹni pé ẹnìkan gbé e síbẹ̀. Mo ní, "Oṣù wà níbi tó wà, Bàbá, bí ẹnikẹ́ni rí i, bí ẹnikẹ́ni ò rí i. Àmọ́ kò sí bí ìlú ṣe lè mọ̀, àfi kó gba ojú ẹnìkan. Kò sẹ́ni tó lè yá ẹlòmíràn lójú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá ẹlẹ́rìí, tí wọ́n sì ń wá ju ẹyọ kan lọ. Àwọn tó ni ẹ̀kọ́ lójú-tèmi rí i pé ojú la fi ń mọ nǹkan, wọ́n wá sáré lọ sọ pé ojú ló dá a. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣàṣejù. Ti orúnkún Ìyá Àgbà, wọ́n jàre. Ti oṣù, wọn ò jàre. Olè náà ò jàre, nítorí pé tó bá sọ pé ó dára lójú tòun, ó ń sọ fún wa nípa ojú ẹ̀ ni, kò tíì sọ nǹkan kan nípa aṣọ yín."

Bàbá ti àwo sàárì sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, díẹ̀díẹ̀, títí tábìlì fi ń mì.

"Kí ló dé tí o ò sọ báyìí láti ọjọ́ kìn-ín-ní?"

"Mi ò tíì mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kìn-ín-ní, Bàbá."

Bọ̀dá Mọ́nsúrù tó ń fi ìbànújẹ́ jẹ sàárì ní ṣé èyí túmọ̀ sí pé òun lè máa lọ sí Òṣíẹ̀lẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Bàbá ní, "Ọ̀rọ̀ ẹ yé mi. Àmọ́ kì í ṣe òun ló máa gbé ọ padà sí Ìbàdàn. Lórí àpáta lánàá, ká ní o ní o rí i, inú mi ì bá dùn ní alẹ́ àná, ìwọ ì bá sì jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi láti ọ̀la lọ. Ta ló máa rán ẹni tó lè purọ́ mọ́ ojú ara ẹ̀ lọ kọ́ nípa òtítọ́? Lọ parí ìwé ẹ."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin. Mo gbàgbé ìkúnlẹ̀. Ìyá Àgbà jí, wọ́n ní ta ló kú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ojú ọ̀run mọ́ kedere. Gbogbo wa tún gun àpáta. Kò sí pé à ń wá oṣù kiri lónìí: ó ga, ó sanra, ó tàn lókè ilé. Gbogbo èèyàn ní oṣù ọjọ́ méjì nìyí, kì í ṣe ti òní. Lèmọ́mù wá bá Bàbá, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ wọn mú. Bàbá ò ní "mo sọ fún yín". Wọ́n kàn ń wo oṣù náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n di èjìká mi mú.

Àlàrùbá, ọjọ́ kẹtàlá. Ọdún dé!

A ti kírun. Bọ̀dá Mọ́nsúrù ti fò lọ sí Òṣíẹ̀lẹ̀ bí ọta ìbọn. Harriet wá pẹ̀lú búrẹ́dì tí màmá ẹ̀ ṣe, ó ní òun wá gba owó ahọ́n òun. Bàbá fún un ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan tó rẹwà lójú gbogbo wa.

Lẹ́yìn oṣù kan, èmi fúnra mi tọ́ ọbẹ̀ mi wò lónìí. Ó dùn! Mo tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìnídìí. Mo bu ìrẹsì, mo bu ọbẹ̀ lé e, mo gbé e fún Bàbá àti àwọn àlejò wọn, tí Lèmọ́mù wà láàárín wọn.

Bàbá jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní, "Lẹ́nu tèmi, iyọ̀ ò tó."

Harriet ní, "Kò tó kẹ̀? Ó tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ jù, sà."

Ìyá Àgbà ké láti inú yàrá pé ilé yìí ò ra iyọ̀ láti ọjọ́ tí Màmá ti lọ. Bàbá ní kí wọ́n má ka ti ìyá àwọn sí ẹ̀rí, iyọ̀ ò tíì tó wọn rí. Alhaji Jùbrílù ní ó ṣe gẹ́lẹ́ lẹ́nu tòun. Ariwo bẹ̀rẹ̀. Mo dúró pẹ̀lú ìgbákọ lọ́wọ́, mò ń rẹ́rìn-ín, mi ò gbèjà ara mi.

Bàbá yíjú sí Lèmọ́mù. Wọ́n ní, "Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ tọ́ ọ wò fúnra yín."

Lèmọ́mù bu ṣíbí kan, ó jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó wo òkè àjà díẹ̀. Ó wá na ọwọ́ sí mi.

"Ọmọ mi, bá mi gbé iyọ̀ wá."

Bàbá fọwọ́ lu itan wọn gbàà. "Alihamudulilahi! Ẹlẹ́rìí mi kejì ti dé!"